Ta Ló Ra Oúnjẹ Ọ̀sán fún Dókítà Yín?

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Amẹ́ríkà, wẹ́bsáìtì ìjọba kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ orúkọ dókítà yín síbẹ̀, ohun tí àwọn kọ́ńpìnì oògùn àtàwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwòsàn ń fún un lọ́dọọdún ló máa jáde síta, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ì báà jẹ́ sánwíìṣì tí wọ́n rà fún un lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Open Payments ni wọ́n ń pè é, CMS ló ń bójú tó o, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó Medicare àti Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà àtàwọn tí ò lówó lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí pásíwọ́ọ̀dù, kò sí fọ́ọ̀mù, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Mo ti bi àwọn èèyàn wa níbí léèrè, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìnáwó, àní láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù gan-an, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ti gbọ́ nípa ẹ̀ rí, ìyẹn sì ń dùn mí torí pé wọ́n jà gan-an kí nǹkan yìí tó dé ọwọ́ wa.

Fún ọdún gbọọrọ, àárín kọ́ńpìnì oògùn àti dókítà ni ọ̀rọ̀ owó yìí máa ń parí sí. Ìpínlẹ̀ Minnesota ti ṣòfin tiwọn láti 1993, àmọ́ ìpínlẹ̀ kan nìyẹn nínú 50. Ní 2007 ni sẹ́nétọ̀ méjì, Chuck Grassley láti Iowa tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican àti Herb Kohl láti Wisconsin tó jẹ́ Democrat, gbé àbá òfin kan wá sílé pé kó kan gbogbo Amẹ́ríkà. Kò kọjá. Ohun tí Grassley wá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí: ó kọ̀wé sáwọn yunifásítì pé kí wọ́n fi ohun tí àwọn dókítà wọn sọ pé àwọn gbà lọ́wọ́ kọ́ńpìnì han òun, ó tún kọ̀wé sáwọn kọ́ńpìnì pé èló lẹ san fún wọn, ó wá kó ìwé méjèèjì síwájú, ó ń fi wé ara wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ní 2008 ló hàn pé Charles Nemeroff, gbajúmọ̀ dókítà ọpọlọ ní Emory ní Atlanta, ti gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 2.8 lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnì oògùn láàárín 2000 sí 2007, tí ó kéré tán mílíọ̀nù 1.2 nínú ẹ̀ sì jẹ́ owó tí kò sọ fún yunifásítì. Lọ́dún yẹn náà ni ti Joseph Biederman, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Harvard, jáde, mílíọ̀nù dọ́là 1.6 ó kéré tán, fún ọdún púpọ̀ ni yunifásítì ò sì mọ̀ nípa púpọ̀ nínú ẹ̀. Biederman yìí, iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn dókítà máa kọ oògùn ọpọlọ tó lágbára fún ọmọdé. Ọmọdé o. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ni wọ́n kọ oògùn yẹn fún, ṣé ẹ ò ní fẹ́ mọ̀ ni?

Nígbà tí Obama wá fọwọ́ sí òfin ìlera tí gbogbo wa ń pè ní Obamacare ní March 2010, inú ẹ̀ ni wọ́n fi àbá Grassley àti Kohl sí, Sunshine Act lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kó tó di pé ìjọba bẹ̀rẹ̀ tiwọn, àwọn oníròyìn ProPublica ti gbé tiwọn síta ní October 2010, Dollars for Docs, kọ́ńpìnì méje péré ló wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹjọ́ tí wọ́n bá ìjọba parí ló sọ ọ́ di dandan fún wọn láti máa sọ ohun tí wọ́n ń san.

Òfin yìí ò ní kí wọ́n má fún dókítà ní nǹkan o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé dókítà tí orúkọ ẹ̀ bá wà níbẹ̀ ti rú òfin, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí òfin sọ ni pé ẹni tó bá fún un kó sọ fún ìjọba, kí ìjọba sì gbé e síta. Kọ́ńpìnì ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́, dókítà ní ọjọ́ 45 láti fi yẹ ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ wò, kó sì jiyàn tí kì í bá ṣe òótọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá ti tó dọ́là 10 ni wọ́n ní kí wọ́n kọ, àwọn kékeré tí kò tó bẹ́ẹ̀ náà, tí àpapọ̀ ẹ̀ bá ti ju dọ́là 100 lọ lọ́dún kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀, iye yìí sì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i. Kọ́ńpìnì tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù dọ́là kan lọ́dún. 30 September 2014 ni ti àkọ́kọ́ jáde, oṣù márùn-ún péré nínú 2013 ló wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 4.4 ló jáde, owó inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù dọ́là 3.5. Ti ọdún 2023 nìkan ju bílíọ̀nù dọ́là 12 lọ tí a bá ka owó ìwádìí mọ́ ọn.

Bílíọ̀nù yẹn ló máa ń gba ojú èèyàn. Gbogbo ẹni tí mo bá fi wẹ́bsáìtì yìí hàn, ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni ta ló gba mílíọ̀nù. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, pàápàá láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun, àmọ́ èmi ò rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà fún èmi àti ẹ̀yin. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, wọ́n ka gbogbo ohun tó wà ní Open Payments láti 2013 dé 2022, wọ́n rí i pé 57 nínú gbogbo 100 dókítà ló ti gba nǹkan, èèyàn tó lé ní 826,000. Tẹ́ ẹ bá wá to àwọn dókítà tẹ̀ léra látorí ẹni tó gba kékeré jù dórí ẹni tó gba jù, ti ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn, dọ́là 48 ni. Fún gbogbo ọdún yẹn o! Oúnjẹ nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa ta ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ní dọ́là 48, àwọn dókítà fúnra wọn ló máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, tí inú á sì bí wọn pé ẹ tiẹ̀ rò ó.

Mo gbà wọ́n gbọ́ pé wọn ò ta nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ló ti le.

Ní 2016, iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú JAMA Internal Medicine, wọ́n mú ohun tó wà ní Open Payments, wọ́n fi wé ohun tí àwọn dókítà ń kọ fún àwọn aláìsàn Medicare, dókítà 279,669 ni wọ́n wò. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n tọ pinpin: Crestor fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, Bystolic àti Benicar fún ẹ̀jẹ̀ ríru, Pristiq fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Gbogbo oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ní àwọn míì bíi tiwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọra, tí owó wọn ò tó nǹkan. Àwọn oúnjẹ ọ̀hún, tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, kò tó dọ́là 20 lẹ́ẹ̀kan. Dókítà tó jẹun lẹ́ẹ̀kan péré nítorí oògùn kan, ó ń kọ oògùn yẹn ju ẹni tí ò jẹ lọ, bí iye ìgbà tó jẹun bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni oògùn náà ń pọ̀ sí i lórí ìwé tó ń kọ. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ò sọ pé oúnjẹ ló fà á o, wọ́n ní méjèèjì ń rìn pọ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ti fẹ́ràn oògùn náà tẹ́lẹ̀ ló ń lọ jẹun níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí, kọ́ńpìnì tó mọ owó kà dáadáa, ṣé á máa ra oúnjẹ fún ọ̀kẹ́ àìmọye dókítà lọ́dọọdún tí kò bá rí èrè níbẹ̀?

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò ní lè sọ òdodo. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nínú òwe yẹn ni pé wọn ò sọ pé ẹni tó jẹ dòdò burú. Ohun tí dòdò ṣe fún ẹnu ni wọ́n ń sọ. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn jẹun ẹni kan ni, ojú ẹ̀ ò sì ní le sí onítọ̀hún mọ́. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí àlejò ò gbọ́dọ̀ wọlé kó jáde láìfi nǹkan kan ẹnu, a mọ agbára oúnjẹ. Oúnjẹ ń dá ìfẹ́ sílẹ̀. Ìdí tá a fi ń ṣe é nìyẹn.

Dókítà ò mọ ìyẹn nípa ara ẹ̀ o, ó mọ̀ ọ́n nípa ẹlòmíì. Ní 2001, àwọn kan bi àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ní ọsibítù nípa ọ̀rọ̀ yìí, 61 nínú 100 sọ pé ohun tí àwọn tó ń polówó oògùn ń ṣe kì í yí ọwọ́ àwọn padà. Wọ́n wá bi wọ́n pé àwọn dókítà ẹgbẹ́ yín ńkọ́, 16 péré nínú 100 ló gbà pé ti àwọn yẹn náà ò yí padà. Èmi kọ́, àwọn yẹn ni!

Àǹtí kan tí mo mọ̀ dáadáa ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní front desk nílé ìwòsàn kékeré kan, òun ló ṣàlàyé bí oúnjẹ yẹn ṣe ń wọlé fún mi. Ẹni tí kọ́ńpìnì rán, drug rep, á pè ṣáájú, á béèrè iye èèyàn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà àti ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, á rántí ẹni tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, á rántí ọjọ́ ìbí nọ́ọ̀sì. Oúnjẹ á dé, gbogbo ilé á jẹ ẹ́, àtẹni tó ń gbálẹ̀, dókítà á yà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín aláìsàn méjì, rep á sọ̀rọ̀ oògùn tuntun díẹ̀, á bi í nípa àwọn ọmọ ẹ̀, á fi sáńpù sílẹ̀, á lọ. Àǹtí ní ọmọlúàbí ni wọ́n, kò sí ẹni tí inú ẹ̀ kì í dùn tí wọ́n bá ń bọ̀. Ohun tí àǹtí ò sì mọ̀ nígbà yẹn ni pé rep yẹn ti lè mọ ohun tí dókítà ń kọ kó tó wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ra àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà oògùn, wọ́n á yọ orúkọ aláìsàn kúrò, wọ́n á fi ti dókítà sílẹ̀, wọ́n á tà á fún kọ́ńpìnì, IMS Health ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, IQVIA ni wọ́n ń jẹ́ báyìí. Ìpínlẹ̀ Vermont ṣòfin láti dá a dúró, ọ̀rọ̀ dé Supreme Court, ní 2011 adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án sọ pé òfin Vermont ta ko ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ó parí síbẹ̀. Ẹ wò ó o, rep mọ ohun tí dókítà yín kọ lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin tí oògùn ń wọ ara yín ò mọ ẹni tó ra oúnjẹ fún un. Ìdí tí mo fi ń gbèjà Open Payments nìyẹn, ó kéré tán ẹ̀yin náà á rí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an nígbà tó dé ọ̀dọ̀ màámi. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru, wọ́n ti ń lo oògùn kan tipẹ́ tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan tó sì bá wọn lára mu, àfi bí wọ́n ṣe dé láti ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní wọ́n ti yí oògùn àwọn padà sí tuntun. Ìnṣọ́ránsì san tiẹ̀, owó tó kù tá a máa san lọ́wọ́ ara wa ga débi tí mo fi ní kí wọ́n tún un wò ní ilé ìtajà oògùn bóyá àṣìṣe ni. Mo lọ sórí Open Payments, mo tẹ orúkọ dókítà náà. Oúnjẹ, oúnjẹ, oúnjẹ. Dọ́là 13, dọ́là 17, dọ́là 15, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnì tó ń ta oògùn tuntun yẹn, orúkọ oògùn náà sì wà níbẹ̀ gàgàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Mo gbé e lọ bá màámi. Wọ́n wá awò wọn, wọ́n wo fóònù náà títí, wọ́n ní, "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe báyìí? Kí n lọ bá dókítà, kí n ní ẹ̀yin dókítà, mo gbọ́ pé ẹ jẹ búrẹ́dì?"

Mo ní, "Rárá mà, ẹ kàn bi wọ́n bóyá èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ò dáa mọ́ ni."

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń tọ́jú mi, tó ń béèrè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ọmọ yìí, má dójú tì mí o."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ màámi yẹn sọ́tùn-ún sósì, mi ò lè sọ pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó ṣe òfin yìí ń ro aláìsàn kan tó máa jókòó síwájú dókítà tó sì máa la ẹnu bi í léèrè owó. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ níbikíbi, láàárín àwọn àgbà tiwa kò tiẹ̀ sí. Ẹni tí ẹ̀mí èèyàn wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọn kì í wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Lára ìwádìí tó jáde ní 2017, wọ́n bi àwọn aláìsàn káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì wo orúkọ dókítà wọn nínú Open Payments: 65 nínú 100 ló ń lọ sọ́dọ̀ dókítà tó gba nǹkan, 5 péré nínú 100 ló mọ̀ bóyá dókítà àwọn gbà tàbí kò gbà.

Mo tẹ̀ lé màámi lọ nígbà tí àyẹ̀wò tún pé. Mi ò dárúkọ oúnjẹ, mi ò mú fóònù jáde. Mo kàn kí dókítà dáadáa, mo wá ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni eléyìí ń ṣe fún màámi tí ti tẹ́lẹ̀ ò ṣe, torí pé owó ẹ̀ ga fún wa. Dókítà yẹn dákẹ́, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó wo iye tí ẹ̀jẹ̀ màámi ti ń jẹ́ bọ̀ látẹ̀yìn wá, ó ní àbí òótọ́ ni, ti tẹ́lẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí wàhálà, a máa dá wọn padà sí i. Kò bínú rárá. Mi ò lè fọwọ́ sọ́yà pé oúnjẹ ló fà á tó fi yí i, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa dókítà kan ṣoṣo. Tí ẹ bá kó dókítà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún jọ, ẹ máa rí ohun tí oúnjẹ ń ṣe kedere, tó bá ku ẹyọ kan níwájú yín, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Òun fúnra ẹ̀ ò ní rí i.

Nǹkan míì wà tó ń dà mí láàmú nípa kí á kàn máa jẹ́wọ́ owó lásán. Ní 2005, Daylian Cain, George Loewenstein àti Don Moore gbé ìgò kan tó kún fún owó ẹyọ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn kan fojú díwọ̀n iye tó wà nínú ẹ̀. Àwọn yìí ò sún mọ́ ìgò náà, àwọn míì tó sún mọ́ ọn ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Wọ́n wá sọ fáwọn olùgbani-nímọ̀ràn pé bí iye tí ẹni yín bá dá bá ṣe ga tó lowó yín náà ṣe máa pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí àwọn kan lára wọn jẹ́wọ́ fún ẹni tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn pé báyìí lowó àwọn ṣe rí. Ẹ̀yin á rò pé ìjẹ́wọ́ yẹn á jẹ́ kí wọ́n rọra ṣe. Iye tí wọ́n ń dá tún lọ sókè sí i ni! Àfi bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un tán, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà yọ díẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n dá fún un, àmọ́ ohun tó yọ ò tó. Nítorí náà tí dókítà kan bá sọ fún yín pé kò sí ohun tóun fi pamọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí wẹ́bsáìtì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣì béèrè nípa oògùn náà.

Èmi gbà báyìí pé ẹni tí wẹ́bsáìtì yìí wúlò fún jù kì í ṣe aláìsàn tó dá jókòó níwájú dókítà. Ẹni tó lágbára láti ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni: oníròyìn, olùwádìí, ọsibítù, ìnṣọ́ránsì, ìjọba. Ní September 2018, ProPublica àti New York Times gbé e jáde pé José Baselga, ọ̀gá àgbà nínú àwọn dókítà ní Memorial Sloan Kettering ní New York, ọ̀kan nínú àwọn ọsibítù jẹjẹrẹ tó lórúkọ jù láyé, ti gba mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnì tí kò sì sọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń tẹ̀ jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn olùwádìí kan tún fi àkọsílẹ̀ Open Payments rí i ní 2018 pé àwọn dókítà tó gba nǹkan nítorí oògùn ìrora ẹ̀yà opioid ní 2014, ohun tí wọ́n kọ nínú oògùn yẹn ní 2015 fi nǹkan bí 9.3 nínú 100 ju ti àwọn tí ò gbà lọ. Opioid o, nǹkan tó ti pa èèyàn bí ilẹ̀ bí ẹní káàkiri ilẹ̀ yìí. Kọ́ńpìnì kan wà ní Arizona, Insys, tó ń ta Subsys, ìyẹn fentanyl, opioid kan tí wọ́n ń fọ́n sábẹ́ ahọ́n fún ìrora àwọn alárùn jẹjẹrẹ. Wọ́n ń san owó fún dókítà pé kó wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi oúnjẹ alẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́, torí pé nítorí kó lè máa kọ oògùn náà ni owó yẹn. Kóòtù dá John Kapoor tó dá kọ́ńpìnì yẹn sílẹ̀ lẹ́bi ní May 2019, nígbà tó di January 2020 wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 66.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, tiyín yàtọ̀. Disclosure UK wà láti 2016, àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn kọ́ńpìnì oògùn fúnra wọn, ABPI, ló ń ṣe é, dókítà tó bá sì ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun jáde, kò ní jáde, wọ́n á da owó ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn tó kù. Ìgbìmọ̀ tí Baroness Cumberlege darí láti yẹ ọ̀rọ̀ ààbò oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò níbẹ̀ sọ ọ́ ní July 2020 pé kí wọ́n sọ ọ́ di dandan bíi ti Amẹ́ríkà. Ní Faransé, ikú ló kọ́ wọn: oògùn Mediator ti kọ́ńpìnì Servier, tí dókítà obìnrin kan ní Brest, Irène Frachon, jà títí wọ́n fi gbé e kúrò lọ́jà ní 2009 torí pé ó ń fa àrùn ọkàn fún èèyàn. Òfin ìṣípayá tiwọn jáde ní December 2011.

Nílé ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà èyíkéyìí tó ti ṣe housemanship, á sọ fún yín nípa med rep, ìpàdé àárọ̀ tí oúnjẹ dúró dè wọ́n, bírò, kàlẹ́ńdà, onígbọ̀wọ́ fún ìpàdé ọdún. Kò sí wẹ́bsáìtì tí màmá kan ní Ìbàdàn lè lọ wò. Bẹ́ẹ̀ àpò ara wa la ti ń san púpọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú nílé, kò sí ìnṣọ́ránsì tó máa gba ẹrù náà, nítorí náà dókítà tó bá kọ oògùn olówó gọbọi nígbà tí olówó pọ́ọ́kú wà, owó oúnjẹ ilé ló mú yẹn. Tí wọ́n bá máa bẹ̀rẹ̀, mi ò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí mílíọ̀nù o, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí oúnjẹ ìpàdé àárọ̀ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá máa wo Open Payments, ẹ rọra kà á. Owó ìwádìí wà lọ́tọ̀, ọsibítù tàbí iṣẹ́ ìwádìí ló máa ń lọ sí, ó sì lè jẹ́ oògùn tó máa gba ẹ̀mí là ni wọ́n ń wá. Dókítà tó gba owó torí pé òun ló ṣe ẹ̀rọ kan jáde, ìyẹn náà lọ́tọ̀. Ẹ wo orúkọ dáadáa, ẹ wo àdírẹ́sì, torí orúkọ máa ń jọra. Ohun tí ẹ máa wá ni kọ́ńpìnì kan náà tí orúkọ ẹ̀ ń padà wá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo oògùn tó wà nínú àpò yín. Sáńpù ọ̀fẹ́ ò sí níbẹ̀, òfin yọ ọ́ sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ aláìsàn náà ò sí níbẹ̀, èmi sì rò pé ó yẹ kó wà.

Fún ọdún púpọ̀, dókítà àti ọsibítù ìkọ́ni nìkan ló wà nínú ẹ̀. Òfin 2018 kan ló fi nurse practitioner (NP), ìyẹn nọ́ọ̀sì tó lè kọ oògùn, physician assistant tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́, agbẹ̀bí àtàwọn nọ́ọ̀sì tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun nígbà iṣẹ́ abẹ kún un, ohun tí wọ́n gbà láti 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní June 2022. Àwọn arábìnrin wa ló pọ̀ níbẹ̀, ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta, tí wọ́n fi oorun wọn kàwé kí wọ́n tó di NP, tí wọ́n sì ń kọ oògùn fún àwọn èèyàn wa. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ tẹ orúkọ yín síbẹ̀ kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kẹ́ ẹ sì máa lo ọjọ́ 45 yẹn kí tuntun tó jáde láti fi jiyàn tí kì í bá ṣe òótọ́. Ìparí June lọ́dọọdún ni tuntun máa ń jáde.